Bí a ṣe ń sọ ilé Àgùdà di ilé ìkàwé láì ba ògiri rẹ̀ jẹ́

Ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà, ìyẹn ilé tí àwọn tó ti Brazil padà dé àti àwọn ọmọ wọn kọ́, ló ń wó lójú wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin), bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì wúlò fún ará ìlú. Èyí tó di Mùsíọ́mù da Silva níbẹ̀ fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí irú ilé bẹ́ẹ̀ di ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò.

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Bí ilé bá wà lára àwọn tí ìjọba ń dáàbò bò, òfin ọdún 2021 lórí ohun àjogúnbá kò gbà kí ẹ dá a tún ṣe. Ẹ ya gbogbo igun rẹ̀ ní fọ́tò, títí kan fèrèsé onípákó àti òdòdó ara ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ páànù tó ń jò kí òjò oṣù kẹrin tó dé.

Ara ògiri gan-an ni wọ́n ti ń ba ilé jẹ́. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Bíríkìlà yóò ní sìmẹ́ǹtì ló lágbára jù. Ẹ má gbọ́ tirẹ̀! Omi ń ti ilẹ̀ gun inú amọ̀, ojú ògiri ló sì ń gbà jáde. Sìmẹ́ǹtì dí ọ̀nà yẹn, omi há sínú, amọ̀ ń rọ̀ lábẹ́ ohun tó ń dán lójú, títí ògiri fi máa dà wó. Ẹ fi ìka lu sìmẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀: bó bá ń dún bí igbá òfìfo, ó ti ṣí kúrò lára amọ̀.

Ẹ má fi ẹ̀rọ ṣí i. Òòlù kékeré àti irin pẹlẹbẹ tó mú ni kí ẹ lò, láti òkè wá sílẹ̀, kí ẹ da irin náà dùbúlẹ̀ díẹ̀ kó má gún amọ̀. Níbi tí amọ̀ bá ti ń bá a jáde, ẹ dúró. Ẹ fi èyí tó lẹ̀ dan-in sílẹ̀.

Ẹ ṣí fèrèsé kí ògiri gbẹ dáadáa. Ẹ po amọ̀ oríṣi mẹ́ta, kí iyanrìn wọn yàtọ̀, kí ẹ dán wọn wò lẹ́yìn ilé. Èyí tí kò bá sán ni kí ẹ lò. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó ni mo fi ń jọ amọ̀ gbígbẹ, kò sí ìdí láti ra ajọ̀ olówó ńlá. Ẹ wọ́n omi sí ògiri, ẹ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí èkejì tó gorí rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, ẹ fi àpò ìrẹsì òfìfo tí ẹ ti rẹ sómi bò ó. Ẹfun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní chaux ni kí ẹ fi kùn ún, kì í ṣe ọ̀dà tí omi kì í gbà kọjá.

Ìyókù kò le. Wáyà iná ń gba inú páìpù lórí ògiri, ẹ má gbẹ́ ògiri nítorí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí pẹpẹ ìwé wà, torí pákó ni ilẹ̀ òkè. Ilé ìgbẹ́ ń lọ sẹ́yìnkùlé. Pákó ni kí ẹ fi ṣe ọ̀nà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ; kọ́ńkéré tó bá fara ti ògiri yóò da omi òjò sí i lẹ́sẹ̀.