Bí a ṣe ń ṣe ọgbà onípákó tí ikán kò ní tètè wó, àti bí a ṣe ń tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe

Ọgbà onípákó kì í ti òkè bàjẹ́. Ojú ibi tí òpó ti wọlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni òjò ń rin, ibẹ̀ ni oòrùn ń sá, ibẹ̀ náà ni ikán ń gbà wọlé. Pákó òkè lè ṣì máa dán, kí ewúrẹ́ kan fara gbá a, kí gbogbo rẹ̀ dùbúlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo fídíò àwọn ará Kánádà kí wọ́n tó gbẹ́ ihò. Lọ́hùn-ún, omi inú ilẹ̀ máa ń di yìnyín nígbà òtútù. Bó bá ti dì, á fẹ̀ sí i, á sì máa ti òpó sókè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò tó ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, kí ìdí òpó lè kọjá ibi tí òtútù ń dé. Ilẹ̀ Ìlọrin kì í dì, ti Ọ̀fà àti Òmù-Àrán náà kì í dì. Ẹsẹ̀ bàtà 2 tó fún ọgbà tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Owó ihò jíjìn yẹn, ẹ fi kún owó igi.

Igi àti iye tí ẹ máa rà

Fún òpó, ẹ bèèrè apá, ìrókò tàbí ayìn. Ẹ má fi mọ sórí orúkọ o. Ẹ wo ojú ibi tí ayùn ti gé igi náà: àárín tó pọ́n tàbí tó dúdú ni ikán kì í fẹ́ fẹnu kàn. Ẹ̀gbẹ́ tó funfun, ì báà jẹ́ ti ìrókò, oúnjẹ ikán ni. Òpó tí funfun bá pọ̀ lára rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Àrẹ̀rẹ̀ lè ṣe pákó òkè, àmọ́ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ rárá.

Ká ní ẹ̀gbẹ́ ilé tí ẹ fẹ́ ṣọgbà sí gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 48. Òpó 9 ló máa gbà, bí àárín òpó kan sí èkejì bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6. Igi ínṣì 4×4 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 á fún yín ní òpó méjì, nítorí náà ẹ ra 5. Fún igi ìdábùú, ẹ ra 2×3 mẹ́jọ, ẹsẹ̀ bàtà 12 ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn, kó lè ṣe ìlà méjì. Pákó 1×6 tó gùn bákan náà á fún yín ní mẹ́ta-mẹ́ta. 30 ló máa tó, ẹ fi 2 kún un torí èyí tó bá là. Àpò sìmẹ́ńtì 2, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, ìṣó ínṣì 4 fún ìdábùú, àti ìṣó ínṣì 2½ fún pákó, bíi 360. Ìṣó tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà.

Rírì òpó

Ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá ló dáa jù. Òjò ti ń lọ, ilẹ̀ kò sì tíì le. Bó bá di oṣù Kejì, yangí á ti dà bí òkúta. Bó bá jẹ́ pé ìgbà yẹn lẹ rí àyè, ẹ fi dígà ṣí ojú ihò, ẹ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí i ní alẹ́, ẹ padà wá gbẹ́ ẹ láàárọ̀.

Ẹ kan èèkàn sí ìpẹ̀kun méjèèjì, ẹ fa okùn le dáadáa, ẹ fi téèpù sàmì sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà-mẹ́fà. Kí ihò fẹ̀ tó ínṣì 10, kó sì jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tó ga tó ínṣì 3 sí ìsàlẹ̀, ẹ gún un mọ́lẹ̀. Orí òkúta yẹn ni kí òpó dúró sí. Àwọn kan máa ń da sìmẹ́ńtì sí abẹ́ òpó kí wọ́n tó gbé e lé e, wọ́n rò pé ó lágbára jù bẹ́ẹ̀. Ife ni wọ́n mọ yẹn: omi tó bá ṣàn gba ara òpó kò ní ríbi jáde, igi á sì máa jẹrà nínú rẹ̀.

Ẹ po sìmẹ́ńtì ìwọ̀n 1, yanrìn 2, òkúta 4. Omi díẹ̀ ni o, kó má ṣe dà bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ wo òpó láti ojú méjì pẹ̀lú okùn tí ẹ so nǹkan wúwo mọ́ nídìí, kó má baà dagun. Ẹ jẹ́ kí sìmẹ́ńtì yọ ju ilẹ̀ lọ ní ínṣì 2, kí ojú rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára òpó bí òrùlé. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á ti fa omi inú rẹ̀ gbẹ kó tó gan.

Àwọn káfíńtà wa fẹ́ràn láti fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú dànù kun ìdí òpó. Ó ń lé ikán fúngbà díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò ń fọ̀ ọ́ wọ ilẹ̀. Ilé tó bá ní kànga, ẹ má dán an wò. Ẹ ra oògùn igi lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà, kí ẹ sì fi ìdí òpó rẹ sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀. Orí tí ayùn gé ló ń mu omi jù.

Ìdábùú àti pákó

Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ kan ìdábùú ìsàlẹ̀ sí ínṣì 8 sókè ilẹ̀, ti òkè sí ínṣì 6 sísàlẹ̀ orí òpó. Àárín òpó ni kí igi méjì ti pàdé. Pákó kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀: ẹ fi àyè ínṣì 3 sílẹ̀. Níwọ̀n bí òkúta ínṣì 3 ti wà lábẹ́ òpó, orí pákó àti orí òpó á ṣe déédéé.

Pákó tó ti gbẹ, ẹ fi àlàfo ààbọ̀ ínṣì sí i, torí yóò wú nígbà òjò. Èyí tó ṣì tutù, ẹ jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, torí ọyẹ́ á fún un. Apá máa ń ká ìṣó kò. Ẹ kọ́kọ́ fi dírílì lu ihò tó tín-ín-rín ju ìṣó lọ.

Títún un ṣe

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ yẹ ìdí òpó wò. Bí ẹ bá rí ìlà amọ̀ tín-ín-rín tó gun ara òpó tàbí sìmẹ́ńtì, ẹ fi ọ̀bẹ fọ́ ọ, kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Bó bá ti padà mọ, ikán ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbá ewé àti ìdọ̀tí kúrò nídìí ọgbà, torí abẹ́ wọn ló ń gbà kọjá.

Bí ọ̀bẹ bá wọ òpó ju ààbọ̀ ínṣì lọ, òpó yẹn ti kú nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ lè ṣì wúlò. Ẹ fi igi ti ọgbà náà dúró, ẹ gé ibi tó jẹrà kúrò títí dé ojú igi tó le, ẹ hú èyí tó kù nínú ilẹ̀. Ẹ da sìmẹ́ńtì kún ihò náà, kí ẹ sì ri irin pẹlẹbẹ méjì sínú rẹ̀, kí wọ́n yọ sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bó bá ti gan, ẹ fi bóòtù méjì gba irin àti igi kọjá. Ẹ jẹ́ kí ìdí igi fi ínṣì 2 jìnnà sí sìmẹ́ńtì. Etí odò Asà ní Ìlọrin, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń rọ̀ nígbà òjò, irú ìdí òpó yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọgbà tuntun pàápàá, kí ẹ sì gbẹ́ ihò dé ẹsẹ̀ bàtà 2½.

Ìṣó tó bá yọrí, ẹ má gbá a padà sínú ihò rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi yọ. Ẹ fà á tu, kí ẹ kan òmíràn sí ínṣì 1 sí i, kí ẹ sì fi ọ̀dà dí ihò àtijọ́.