Àtẹ̀gùn 127 ní Huế, Pẹ̀lú Ọmọ Méjì

Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wa lọ sí Huế, ìlú ọba Vietnam àtijọ́, kò tíì kúrò ní Da Nang tí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 9, fi bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ọba wà nílé?" Mo ní kò sí ọba ní Vietnam mọ́. Bảo Đại ló jẹ kẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé adé sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ààfin ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹjọ, ọdún 1945. Ó ní, "Ta wá ni a fẹ́ lọ kí?" Mi ò rí èsì fọ̀ fún un.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Da Nang, Huế kò sì jìnnà síbẹ̀. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ jókòó sápá ọ̀tún, ìhà ibẹ̀ ni òkun wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ kò tíì lù tí a ti dúró níwájú Ngọ Môn, ẹnu ọ̀nà ààfin. Ọba Gia Long, tó gba gbogbo ilẹ̀ náà sọ́wọ́ ní 1802, ló bẹ̀rẹ̀ odi ìlú yìí. Yípo rẹ̀ tó kìlómítà 10, àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀ títí dòní, ààfin sì wà láàárín. Ọ̀nà márùn-ún ló wà ní Ngọ Môn. Ti àárín, ọba nìkan ló ń gbà á. Àwọn ọmọ ogun àti erin ń gba ti ẹ̀gbẹ́. Àbúrò, ọmọ ọdún 5, ní ti erin ni òun fẹ́ gbà.

Ibi tí mo ti kùnà nìyí: mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tíṣà. Ní gbọ̀ngàn Thái Hòa, níbi tí ìtẹ́ wà, mò ń ka òpó pupa 80 fún wọn, wọ́n ń yán. A bọ́ sí ẹ̀yìn, níbi tí ọba àti àwọn ìyàwó rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. Koríko ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí iná jó o ní 1947, ogun 1968 sì ba ìyókù jẹ́. Àbúrò wo ọ̀tún, ó wo òsì: "Ṣé èyí náà la sanwó fún?"

Ìkòkò idẹ mẹ́sàn-án ló yọ mí. Ọba Minh Mạng ló ní kí wọ́n rọ wọ́n, wọ́n parí wọn ní 1837, èyí tó tóbi jù wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ. Gbogbo ohun tó wà ní ilẹ̀ ọba ni wọ́n ya sí i lára: odò, òkè, ẹyẹ, èso, ọkọ̀ ojú omi. Mo ní ẹni tó bá kọ́kọ́ rí erin á jẹ áísìkiriìmù. A lò tó wákàtí kan níbẹ̀. Bí mo bá tún padà lọ, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ gbà.

Ibojì ọba mẹ́ta ni mo fẹ́ rí lọ́jọ́ kẹta. Mo yọ ti Minh Mạng kúrò, mo sì ṣe ohun tí kò yẹ: mo kọ́kọ́ lọ sí ti Tự Đức tí igi bò, mo wá fi ti Khải Định, tí kò ní ibòji rárá, sí ọ̀sán gangan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Síbẹ̀ ti Tự Đức ló wọ̀ mí lára jù. Nígbà ayé rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, láàárín 1864 sí 1867, ó sì ń lọ ṣe fàájì níbẹ̀, létí adágún. Ìyàwó rẹ̀ ju 100 lọ, kò bí ọmọ kan ṣoṣo. Nígbà tí kò sí ọmọ tí yóò kọ ìtàn bàbá rẹ̀ sára òkúta, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Òkúta náà tó tọ́ọ̀nù 20. Mo dúró tì í pẹ́, àwọn ọmọ ń bọ́ ẹja. Wọ́n ní òkú rẹ̀ gan-an kò sí níbẹ̀, wọ́n sì ní wọ́n bẹ́ orí àwọn tó sin ín kí àṣírí má bàa tú. Mi ò sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ.

Ní ti Khải Định, àbúrò rí àtẹ̀gùn, ó jókòó sílẹ̀. Mo ní ká máa kà á ní Yorùbá. Ó lọ dáadáa títí a fi dé mẹ́rìnlélógójì. Ẹ̀gbọ́n ní "márùn-ún lé lógójì", mo ní rárá o, márùndínláàádọ́ta ni. Ó dúró: "Mọ́mì, a ń gòkè, kí ló dé tí a ń yọ kúrò?" Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì í kà. Nígbà tí a dé mẹ́tàdínláàádóje, òógùn ti bò wá.

Síméńtì tó ti dúdú ni ìta rẹ̀. Inú ni iṣẹ́ wà: àfọ́kù àwo àti àfọ́kù ìgò ni wọ́n tò bo ògiri, ó ń dán gbinrin. Ọdún 11 ni wọ́n fi kọ́ ọ, 1920 sí 1931, ọba sì fi kún owó orí aráàlú nítorí rẹ̀. Lókè ibojì ni ère rẹ̀ wà, ó jókòó sórí ìtẹ́, wúrà ń kọ lára rẹ̀.

Kí n tó mọ̀, àbúrò ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí o!"

Ẹ̀gbọ́n fà á lẹ́wù. "Dìde jàre, ó ti kú."

"Ṣebí ó jókòó."