Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ti Wà Nínú Ilẹ̀ Kí Wọ́n Tó Wa Kùsà

Bàbá olóko kòkó kan lẹ́yìn Itagunmodi, nítòsí Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, na ìwé àyẹ̀wò sí mi. Wọ́n ti bá a bu ilẹ̀ lọ sí láàbù, wọ́n sì fi bíró pupa yí irin méjì, krómíọ́mù àti níkẹ́lì, po pé wọ́n ti pọ̀ jù. "Ọmọ mi, ṣé kí n fi oko sílẹ̀ ni?"

Iye tí ìlànà àtijọ́ ti Netherlands fi lélẹ̀ ni láàbù náà fi wọn ilẹ̀ Bàbá: krómíọ́mù 100 mílígíráàmù nínú kìlógíráàmù ilẹ̀ kan, níkẹ́lì 35. Ṣùgbọ́n àpáta dúdú wíwúwo tí wọ́n ń pè ní amphibolite ló wà lábẹ́ ilẹ̀ pupa Itagunmodi. Ìbátan rẹ̀, basalt, máa ń ní krómíọ́mù bíi 170 àti níkẹ́lì bíi 130 láti ìṣẹ̀dá. Akọ òkúta kì í sábà ní krómíọ́mù tó ju nǹkan bí 20 lọ. Ara àpáta ni ilẹ̀ ti ń wá, nítorí náà ilẹ̀ pupa yẹn lè kọjá iye inú ìwé láìsí pé ẹnikẹ́ni wa wúrà níbẹ̀ rí.

Ọmọ ìyá ilẹ̀ yín ni kí ẹ fi wé e: ilẹ̀ tó ti ara àpáta kan náà wá, níbi tí iṣẹ́ kùsà kò dé. Èmi náà ti ṣì í rí. Ilẹ̀ oníyanrìn ẹ̀gbẹ́ akọ òkúta ni mo kọ́kọ́ fi ṣe àfiwé fún oko Bàbá, torí pé ibẹ̀ ni mọ́tò lè dé. Èsì tó jáde fi hàn bí ẹni pé àwọn awakùsà da krómíọ́mù sí gbogbo oko. Bàbá kò sùn lóru ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún un, ó sì dùn mí títí di òní.

Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọdẹ àti àgbà ìlú: níbo ni wọ́n gbẹ́ láyé àtijọ́, odò wo ni wọ́n ti ń fọ wúrà? Ẹ wá gòkè kọjá ibẹ̀, síbi tí omi kùsà kò lè ṣàn dé. Ẹ jìnnà sí títì, ààtàn àti abẹ́ òrùlé páànù. Ẹ má bu ti oko kòkó àtijọ́ ṣe àfiwé, torí bàbà wà nínú oògùn aláwọ̀ búlúù tí a fi ń fín kòkó. Igbó tí wọn kì í dá oko sí ló dára jù. Bí ó bá jẹ́ igbó òrìṣà, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Bí ó bá jẹ́ ti orò, èmi obìnrin kò wọ̀ ọ́, mo máa ń wá ibòmíràn.

Ibi mẹ́wàá ó kéré tán ni kí ẹ gbẹ́, torí ilẹ̀ kan náà kì í ní iye kan ṣoṣo: ẹ ó rí èyí tó kéré jù àti èyí tó ga jù, àárín méjèèjì sì ni iye àdáyébá wà. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó mítà kan. Ọkọ́ ni kí ẹ fi gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n irin lè kó bá àyẹ̀wò, nítorí náà ẹ fi ṣíbí ike ha ibi tí ọkọ́ fara kàn kúrò lára ògiri kòtò kí ẹ tó bu. Ẹ bu ti òkè, láti ojú ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ sì bu ti ìsàlẹ̀, inú ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Itagunmodi, ti ìsàlẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ìka bí àmọ̀ ìkòkò, ó sì pọ́n ju ti òkè lọ.

Ẹ sá a níbòji, torí oòrùn gbígbóná lè mú mákúrì, irin olómi tí àwọn awakùsà fi ń kó wúrà jọ, fò lọ. Ajọ̀ ike ni kí ẹ fi jọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún láàbù pé ásíìdì kan náà ni kí wọ́n fi yọ ti oko àti ti àfiwé. Bí wọ́n bá fi ásíìdì yọ ọ̀kan, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ XRF, tó ń fi ìtànṣán ka irin inú ilẹ̀ láìlo ásíìdì, ka èkejì, àfiwé yẹn ti bàjẹ́.

Bí èsì bá dé, ẹ wo òkè àti ìsàlẹ̀ papọ̀. Tí ìsàlẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú òkè tàbí tó jù ú lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àpáta ló ni ín. Tí òkè bá fi ìlọ́po ju ìsàlẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìta ló ti wá. Ti àdáyébá náà kò túmọ̀ sí pé kò léwu o. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé ti wà nínú òkúta wúrà látọjọ́ tó ti pẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbé òkúta náà wálé láti lọ̀ ọ́ ni ìyẹ̀fun rẹ̀ dé ọwọ́ àti ẹnu àwọn ọmọdé, ó sì pa èyí tó ju 400 lọ.

Mo padà sí oko Bàbá, mo sì gbẹ́ orí òkè tí kùsà kò dé. Krómíọ́mù ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti abẹ́ kòkó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò, níbi tí wọ́n ti fọ wúrà, mákúrì wà lójú ilẹ̀, kò sì sí ní ìsàlẹ̀ kòtò. Ibẹ̀ ni ìyàwó Bàbá gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́, a sì jọ wá àyè míràn fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, lórí ilẹ̀ pupa.