Nọ́ńbà fóònù gbogbo èèyàn di 2147483647: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà, ṣe ìwé orúkọ fún ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Orúkọ wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló di 2147483647. Ti ọ́fíìsì nìkan ló yàtọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01, òun náà sì ti sọ òdo iwájú nù. Àbí wọ́n ti wọ dátà wa ni?

Ìdáhùn: Kò sólè níbẹ̀, àbúrò. INT, ìyẹn irú àyè tó ń gba odidi nọ́ńbà nìkan, lo pe kọ́lọ́mù fóònù. Bíìtì 32 ni INT ní, bíìtì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àyè fún 0 tàbí 1. Ọ̀kan ń sọ bóyá nọ́ńbà wà lókè òdo tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, ó wá ku 31. Kọ 2 sílẹ̀ lọ́nà 31, sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, yọ 1 kúrò: 2147483647 nìyẹn, ibi tí INT dé nìyẹn. Nọ́ńbà 080 ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́jọ. Bí strict mode, ètò tí kì í gba dátà tí kò bá àyè rẹ̀ mu, bá wà ní pípa, MySQL kò ní pariwo. Èyí tó tóbi jù tó lè gbà ló máa kọ síbẹ̀. Ti ọ́fíìsì kéré, ló ṣe ráyè wọlé.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ ọ́ di INT UNSIGNED, èyí tí kì í gba nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo. Àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ wá ń di 4294967295.

Ìdáhùn: Ààlà lẹ kàn sún síwájú. BIGINT, tó tóbi ju INT lọ, yóò gbà á, àmọ́ òdo iwájú yóò ṣì máa bọ́. Ta ló ń ro nọ́ńbà fóònù pọ̀ mọ́ra? Ọ̀rọ̀ ni kó o kà á sí (VARCHAR nìyẹn):

ALTER TABLE omo_egbe MODIFY foonu VARCHAR(20);

Lẹ́yìn náà, tan strict mode pẹ̀lú STRICT_TRANS_TABLES. Àwọn nọ́ńbà àtijọ́ kò wọlé rárá, nítorí náà kò sí ibi tó o ti máa wá wọn. Tún gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n.

Ìbéèrè: Mo rí i pé àwọn oníṣirò náà mọ 2147483647. Kí ni wọ́n rí lára rẹ̀?

Ìdáhùn: Háà, ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù. Oníṣirò Leonhard Euler ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1772, ní Rọ́ṣíà, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Kò dán gbogbo nọ́ńbà wò: ohun yòówù tó bá máa pín in, bí o bá fi 62 pín òun náà, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, kò sì sídìí láti wá a kọjá 46340.

Fi 1073741824 sọ ọ́ di púpọ̀, wàá rí 2305843008139952128. Ro gbogbo nọ́ńbà tó pín èyí dọ́gba pọ̀, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, òun náà ni yóò tún jáde, bí 1, 2 àti 3 ṣe ń di 6. Ní 1811, Peter Barlow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kò sẹ́ni tó máa wá irú rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, nítorí pé kò wúlò fún nǹkan kan. Wọ́n wá a, wọ́n sì rí i.

Ìbéèrè: Ṣé ó tún lè bá mi jà níbòmíràn?

Ìdáhùn: Wo kọ́lọ́mù TIMESTAMP, tó ń tọ́jú ọjọ́ àti aago. Ó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970, yóò sì dé 2147483647 ní 19 oṣù Kínní 2038, ní aago 4:14:07 ìdájí ní Nàìjíríà. DATETIME ni kó o lò dípò rẹ̀.