Bí Mo Ṣe Ṣètò Oúnjẹ Alẹ́ Lórí Pèpéle Etí Odò

Nígbà tí ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sún mọ́, èmi ni àwọn ará ilé gbé ètò oúnjẹ alẹ́ lé lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ti mú ibi tó wù wọ́n: ilé oúnjẹ kan tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí erékùṣù ilẹ̀ olóoru, tí pèpéle onípákó rẹ̀ sì nà dé etí odò. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo òrùlé, àtùpà aláwọ̀ mèremère rọ̀ káàkiri, ère onígi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò ní ohunkóhun lòdì sí irú ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ kì í sọ fún ènìyàn bóyá oòrùn yóò máa ràn sí i lójú títí yóò fi jẹun tán, tàbí bóyá èéfín ẹja yíyan yóò máa wá bá a níbi tó jókòó sí. Nítorí náà, ìbéèrè ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi.

Mo pè wọ́n lórí fóònù lẹ́yìn tí àwọn tó ń jẹun ọ̀sán ti lọ tán, nítorí ẹni tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀ kì í ráyè dáhùn ìbéèrè dáadáa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, apá ibo ni pèpéle yín kọjú sí?" Obìnrin tó gbé fóònù rẹ́rìn-ín, ó ní odò kúkú ni ó kọjú sí. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí ni mo fẹ́ mọ̀, ó dáhùn pé òdìkejì odò gan-an ni oòrùn ń wọ̀ sí, àti pé àwọn tó bá jókòó síbi tó kángun sí omi sábà máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí àwọn nípò kí oúnjẹ tó dé. Ìdáhùn yẹn wúlò fún mi ju gbogbo àwòrán ẹlẹ́wà tí mo ti rí nípa ibẹ̀ lọ.

Bí oòrùn bá wà lókè, ọ̀pọ̀ jù lọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń wọ inú omi lọ. Bí ó bá ti wá rẹlẹ̀ tó ń lọ wọ̀, ojú omi tó dákẹ́ yóò máa ta èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ padà bíi dígí, tí ẹni tó kọjú sí odò yóò fi máa gba ìtànṣán oòrùn láti òkè àti láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan á ní kí ènìyàn dé lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, ṣùgbọ́n kí ni a wá lọ ṣe létí odò bí a kò bá ní rí i? Mo wo àkókò tí oòrùn yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì gba àyè ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún wa ní tábìlì tó wà ní ìlà kejì, lábẹ́ òrùlé, kí wọ́n sì to àga rẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ wa kọ sí odò. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe rí omi, tí kò sí ẹni tó ń dijú jẹun.

Ìdí mìíràn wà tí mi ò fi fẹ́ ìlà àkọ́kọ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń lo ọ̀pá ìtilẹ̀, àlàfo sì máa ń wà láàárín pákó irú pèpéle bẹ́ẹ̀ kí omi òjò lè rí ibi ṣàn gbà. Ẹnu ọ̀pá lè há sí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà sọ fún mi pé ilẹ̀ tí a rẹ́ sìmẹ́ńtì sí ni abẹ́ òrùlé, pé kò sí àtẹ̀gùn láti ẹnu ọ̀nà débẹ̀, àti pé ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ọ̀rọ̀ ààrò yìí ṣe pàtàkì, torí afẹ́fẹ́ orí omi lè yí padà nírọ̀lẹ́, èéfín tí kò dààmú ẹnikẹ́ni nígbà tí ènìyàn jókòó sì lè wá bá a kí ó tó jẹ ìdajì oúnjẹ rẹ̀.

Mo bèèrè ọ̀rọ̀ òróró pẹ̀lú. Edé kì í bá ẹ̀gbọ́n mi lára mu rárá. Ọ̀fun wọn á wú. Edé tí a yí ní àgbọn tí a sì dín sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oúnjẹ tí irú ilé oúnjẹ yìí kì í sábà ṣaláìní. Bí wọ́n bá fi òróró kan náà dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ànàmọ́, ohun tó ń fa wàhálà nínú edé lè tipasẹ̀ òróró bọ́ sínú oúnjẹ tí kò ní edé kankan lára. Wọ́n jẹ́wọ́ pé agbada kan ni wọ́n ń lò. Mo mọyì òtítọ́ yẹn. A pinnu pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní jẹ ohun díndín lọ́jọ́ náà, mo sì tún un sọ fún ọmọkùnrin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa nígbà tí a jókòó, torí pé ẹni tó gbé fóònù kọ́ ló ń dáná.

Ìwé oúnjẹ wọn gùn. Ilẹ̀ olóoru kì í ṣe ibì kan ṣoṣo: ó yí ayé po láàárín ìwọ̀n 23.5 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé àti 23.5 ní gúúsù rẹ̀, àwọn ènìyàn tó ń gbé inú rẹ̀ kò sì mọ oúnjẹ ara wọn. Ilé oúnjẹ tó bá fẹ́ ṣojú fún gbogbo rẹ̀ sábà máa ń da ọbẹ̀ aládùn kan náà tí a fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sè lé ẹran, ẹja àti adìyẹ lórí. Ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1930, ni irú ọ̀ṣọ́ erékùṣù yìí ti gbajúmọ̀, ní Hollywood àti Oakland, ọtí sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pe èrò ju oúnjẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mọ ohun tí ilé ìdáná wọn ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Mo bi ọmọkùnrin náà pé ẹja wo ló wọlé lọ́jọ́ náà, ó sì dáhùn kíákíá láìlọ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Odindi ẹja tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé tí a sì yan ni a kọ́kọ́ béèrè fún, kí a tó sọ̀rọ̀ ohunkóhun mìíràn, torí odindi ẹja kì í tètè jinná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni adìyẹ jerk. Àwọn ará Jàmáíkà ló ni ín: ata rodo àti èso pimento, tí òyìnbó ń pè ní allspice, ni wọ́n ń fi pa á lára, igi pimento kan náà ni wọ́n sì ń fi yan án. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ceviche, ẹja tútù tí a rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, tí UNESCO, ẹ̀ka àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi kún àwọn àṣà tó ń dáàbò bò fún àwọn ará Peru ní 2023. Mo rán wọn létí pé omi ọsàn máa ń mú kí ẹja funfun kí ó sì le bí ẹni pé ó ti jinná, ṣùgbọ́n kì í pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ bí iná ṣe ń pa á. Wọ́n ní, "Àbúrò, jẹ́ kí n jẹun mi." Wọ́n jẹ ẹ́, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ní ti ohun mímu, àwọn aládùn inú àgbọn ni mo ní kí a ṣọ́ra fún. Omi èso, wàrà àgbọn àti ṣúgà máa ń bo ọtí ráàmù mọ́lẹ̀ tí ahọ́n kò fi ní mọ bí ó ti pọ̀ tó. Wọ́n tilẹ̀ ní Don the Beachcomber, ọ̀kan nínú àwọn ilé ọtí Hollywood ìgbà yẹn, kì í ta ju méjì lọ fún ẹnì kan nígbà náà nínú àdàlù ráàmù líle tí wọ́n ń pè ní Zombie. Piña colada, àdàlù ráàmù, àgbọn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí Puerto Rico sọ di ohun mímu orílẹ̀-èdè wọn ní 1978, ni ẹ̀gbọ́n mi mu, láìní ọtí nínú.

Bí oòrùn ti wọ̀ ni ẹ̀fọn yọjú. Àbẹ́là olóòórùn tí wọ́n tàn sórí tábìlì kò ràn wá lọ́wọ́ tó bí mo ṣe rò, torí afẹ́fẹ́ ìta máa ń tú òórùn rẹ̀ ká. Fáànù ilẹ̀ kan ló gbà wá: ẹ̀fọn kò lágbára láti fò lòdì sí afẹ́fẹ́, fáànù sì tún ń gbá èémí tí ẹ̀fọn fi ń wá ènìyàn kiri dànù. Mo ní kí ọmọkùnrin náà kọ ojú rẹ̀ sí abẹ́ tábìlì, níbi tí ẹsẹ̀ wa wà. A ti fi oògùn tó ní DEET, èròjà tó ń lé ẹ̀fọn, pa ẹsẹ̀ nílé, a sì ti fọwọ́ kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ẹja náà dára púpọ̀. Ewé ti pa omi ara rẹ̀ mọ́, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún sórí rẹ̀ sì tó. Adìyẹ náà ta, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ òórùn èéfín igi kankan lára rẹ̀. Iná gáàsì ni wọ́n fi yan án, mo sì rò pé kò yẹ kí wọ́n pè é ní jerk.

Nígbà tí wọ́n mú ìwé owó dé, mo wò ó bóyá owó iṣẹ́ agbáwo ti wà nínú rẹ̀ kí n tó fi kún un. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a di gbogbo ohun tó ṣẹ́kù lọ sílé. Adìyẹ tó ṣẹ́ kù kò tíì pé wákàtí méjì lórí tábìlì, nítorí náà a dì í. Ceviche ni mo ní kí wọ́n dànù.