Bí A Ṣe Lè Ṣe Ìkànnì fún Àwọn Olólùfẹ́ Géèmù ní Abẹ́òkúta

Ẹ kọ́kọ́ ro ti fóònù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀ ni yóò fi fóònù ṣí ìkànnì yín, dátà tí wọ́n fowó ara wọn rà ni wọn yóò sì ná sí i. Ẹ sọ àwòrán di WebP, ìyẹn irú fáìlì àwòrán tí kì í jẹ dátà púpọ̀, kí fídíò má sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ géèmù fẹ́ràn ojú ìwé dúdú, ṣùgbọ́n WCAG, ìyẹn ìlànà tó wà kí ìkànnì lè rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti lò, ní kí ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà kéékèèké àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn kì í dé ibẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Láti 2023 ni géèmù bọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ FIFA ti di EA Sports FC, síbẹ̀ FIFA náà ni wọ́n ń pè é. Kí àpótí ìwárí yín mọ orúkọ méjèèjì.