Rolls-Royce àti Íńdíà: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtàn Wọn

Bí ìròyìn bá ti jáde pé iléeṣẹ́ òkèèrè kan, bíi Rolls-Royce ti Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ bá Íńdíà ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù, kíá ni àwọn èèyàn wa á ti máa pín in kiri pé, "Ẹ wo Íńdíà o! Wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra wọn, àwa ṣì ń kó tòkúnbọ̀ wọlé." Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìbínú yẹn, ó tọ́. Bí a ṣe ń ro ìtàn náà ni kò tọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú kékeré kúrò lọ́nà. Ẹ má fi fọ́tò ọkọ̀ Rolls-Royce olówó gọbọi sí orí ìròyìn ẹ́ńjìnnì bàálù. Owó tí ẹ́ńjìnnì RB211 jẹ ló wó Rolls-Royce lulẹ̀ ní 1971, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á. Nígbà tó yá, ẹ̀ka ọkọ̀ yà kúrò lára ẹ̀ka ẹ́ńjìnnì. BMW ti Jámánì ló ni ọkọ̀ náà lónìí. Kò sí ohun tó pa òun àti Bangalore, ìlú tí Íńdíà ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù, pọ̀.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ sọ pé "Íńdíà mọ ẹ́ńjìnnì ṣe" nígbà tó jẹ́ pé láísẹ́ǹsì, ìyẹn àṣẹ láti ṣe ohun tí ẹlòmíràn yà, ni wọ́n fi ń ṣe é. Láti nǹkan bí 1957 ni HAL, iléeṣẹ́ bàálù tí ìjọba Íńdíà ni, ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Bangalore láti máa ṣe ẹ́ńjìnnì Orpheus. Àwòrán ẹ̀rọ náà ti Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ọwọ́ àwọn ará Íńdíà sì ń ṣe é bí wọ́n ṣe yà á. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Marut.

Bàálù ìjà ni Marut, Kurt Tank, ará Jámánì tó ya Focke-Wulf Fw 190 nígbà ogun, ló yà á fún Íńdíà. Ó kọ́kọ́ fò ní oṣù kẹfà ọdún 1961. Ara rẹ̀ dára púpọ̀, a dá a kí ó lè sáré ju ìró lọ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tí Tank ń retí ni Orpheus tó lágbára jù, tí wọ́n ń pè ní Orpheus 12, àmọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe é parí, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ rà á. Wọ́n ní kí Íńdíà dá sí owó rẹ̀, Íńdíà kọ̀. Ni wọ́n bá fi Orpheus kékeré méjì sí i, bàálù tó yẹ kó fò bí àṣá sì wá ń mí gúlegúle kó tó bá ìró dọ́gba. Wọ́n wá ẹ́ńjìnnì mìíràn kiri ayé, wọ́n tilẹ̀ gbé Marut kan lọ sí Íjíbítì láti fi dán ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ wò. Pàbó ló já sí. Lójú tèmi, owó tí wọn ò san yẹn ló wọ́n jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú àwòrán ẹlòmíràn mọ bí apá kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Kò dandan kó mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì ìjà òde òní, gáàsì tó ń kọjá lára abẹ turbine, ìyẹn àwọn abẹ tí gáàsì náà ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, gbóná ju ibi tí irin abẹ náà ti ń yọ́ lọ. Ihò tíntìntín tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà jáde lára abẹ ni kì í jẹ́ kó yọ́, pẹ̀lú ọ̀nà àrà tí wọ́n fi ń da irin náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dà kì í kọ ọ́ sínú ìwé láísẹ́ǹsì fún oníbàárà. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà: ọdún àti ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Íńdíà wá fẹ́ ya ti ara rẹ̀, Kaveri, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1989, agbára rẹ̀ kò tó, ó sì wúwo jù. Ní 2008 wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ètò Tejas, bàálù ìjà tí Íńdíà ń ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì iléeṣẹ́ GE ti Amẹ́ríkà ló ń gbé Tejas fò.

Ẹ má sì ro pé Rolls-Royce nìkan ni Íńdíà dì mọ́. Ní Koraput, ní Íńdíà kan náà, HAL ń ṣe ẹ́ńjìnnì àwọn ará Rọ́ṣíà fún MiG, bàálù ìjà Rọ́ṣíà. Orpheus gan-an, ti Bristol, iléeṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ni kí Rolls-Royce tó ra iléeṣẹ́ tó ni ín ní 1966.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a máa kọ ìtàn yìí bí ìtàn ìgbéyàwó aláyọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Rolls-Royce gbà láti san £497 mílíọ̀nù ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ìwé ìṣirò èké. Íńdíà wà lára orílẹ̀-èdè méje tí ọ̀rọ̀ náà kàn; ti Íńdíà dá lórí àwọn alárinà. Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi Íńdíà ṣe àwòkọ́ṣe fún wa kó rántí ka ojú ìwé yẹn pẹ̀lú.

Níkẹyìn, ẹ má sọ pé láísẹ́ǹsì kò wúlò. Ẹ wo Jaguar, bàálù ìjà tí ẹ́ńjìnnì Adour ń gbé, èyí tí Rolls-Royce àti Turbomeca ti Faransé jọ ṣe. Íńdíà yàn án ní 1978, HAL sì wá ń to bàálù àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nílé. Nàìjíríà ra méjìdínlógún ní àwọn ọdún 1980, wọ́n kó wọn sí Makurdi. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀, owó ìtọ́jú ti wọ́n, tiwa ti dúró sójú kan. Lẹ́yìn 2020, Jaguar ti Íńdíà ṣì ń fò, torí ilé ni wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé agbára Adour kò tó mọ́, wọn ò lè fi kún un fúnra wọn. Wọ́n yíjú sí Honeywell ti Amẹ́ríkà fún ẹ́ńjìnnì mìíràn, iye tí wọ́n gbọ́ lé wọn padà, wọ́n sì fi ètò náà sílẹ̀ ní 2019.